Aṣọ Tí Wọ́n Rán Mọ́ Wáyà Jíà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Alága tún ṣe é. (Ọkọ̀ wa ni, ìgbà tó bá wù ú ló ń rìn.) Orí afárá ló ti bọ́ jíà fúnra rẹ̀. Mo tẹná, ó ń ké lásán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lọmọ mi obìnrin ń bọ̀ wá gbé e, tòun tọmọ ọwọ́. N kò tíì sọ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, dé. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Iná" ló kọ sáyà ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, mo sì kí i bẹ́ẹ̀. Ó ní bébà onírin tó ń dáàbò bo àwọn wáyà jíà lọ́wọ́ ooru ti fara gbá páìpù èéfín, ó ti jó, wáyà ti ń kan ara wọn. Lẹ́yìn náà ló ní: "Bàbá, ta ló wá ránṣọ síbí?"
Àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé, tí wọ́n rán yí ibi tó jó ká. Ẹnu òwú rí jágajàga. Ìyá Eléyín — ìyàwó mi, tí kì í lo àlùmágàjí. Eyín ló fi ń já òwú. Mo máa ń sọ pé eyín yẹn ni yóò kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì. Ó ti pé ọdún méjì tí a ti sin ín. Ó ní láti jẹ́ pé ó rán an kó tó lọ. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 6
Mo mọ aṣọ yẹn. Ara ṣẹ́ẹ̀tì mi ni wọ́n ti gé e — mo wò ó nínú àpótí, ìdí rẹ̀ ti kúrú, wọ́n sì ti ṣẹ́ ẹ létí dáadáa. Ọdún tó kọjá lọmọ mi rà á fún mi. Ìyá Eléyín kò rí i rí.

Ọjọ́bọ̀, 7
Rewáyà tú aṣọ náà sọnù. Ó fi téèpù wé wáyà kọ̀ọ̀kan, ó fi bébà onírin tuntun bò wọ́n, ó dè wọ́n jìnnà sí páìpù. Ó wá sọ àsọyé lé e lórí; ó ku ká pàtẹ́wọ́. A gun afárá lọ, a gùn ún bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ó ń lọ geere. Ara mi ò balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Ọmọ mi dé láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú ṣọ́ọ̀lù funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ṣe "àyẹ̀wò ìdágbére". Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní kí n wá wò ó. Bébà rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n rán yí i ká.
Ọmọ mi tú ṣọ́ọ̀lù wò. Etí kan ti kúrú, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Ó ní odindi lòun wé mọ́ ọmọ nílé. Ó wo ẹnu òwú etí náà. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ Màámi nìyí."
Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí mo ti fún un padà.
Rewáyà bi mí bóyá kóun tú u. Mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́, mo fọwọ́ kan ẹnu òwú náà. Ó ṣì rin fún itọ́.