Èéfín Tí Mo Tọ́jú Pamọ́ Dè Ọ́

Adúmáadán ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo sì kí ẹni tí ẹ jọ ń gbélé, bí ẹnì kan bá wà, nítorí o ò tíì sọ fún wa. Kí lẹ́tà yìí bá ọ láyọ̀ àti àlàáfíà. Ara àwa náà le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń ro ó bí òjò bá fẹ́ rọ̀, orúnkún yẹn sì ti wá mọ̀ nípa òjò ju rédíò lọ. Ìyàwó káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti bímọ, obìnrin ló bí, igbe ọmọ náà dà bí ayùn bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ a ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú wa ṣọ̀nà lásán.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná tí o bá wa sọ. Lópin ọdún tí a ń retí rẹ, tí ìyá rẹ ti gbá yàrá rẹ, tí mo sì ti lọ aṣọ fèrèsé rẹ títí ó fi ń dán, ohùn rẹ tí o gbà sílẹ̀ ló dé sórí fóònù dípò ìwọ fúnra rẹ. O ní èéfín ọkọ̀ wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná, o ní ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti pinnu láti dín ìrìn-àjò kù, kí àwa náà ṣe ìwọ̀nba tí agbára wa bá ká nílé. A gbọ́ ohùn náà lágbọ̀ọ́túngbọ́ títí fóònù fi kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní ohùn rẹ ti tín-ín-rín jù, mo ní fóònù ló máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, a ti ṣe é. Ìyá rẹ ti ń rẹ ẹ̀wà sómi kó tó gbé e kaná, ó sì ń fi ọmọrí dé e pinpin, igi tó ń lò kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ló fẹ́ kọ́ òun ní ẹ̀wà sísè lọ́jọ́ alẹ́ òun, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ìwọ ni, ó lọ wá ọmọrí. A ò dáná sun pàǹtí mọ́, èèpo àti ewé gbígbẹ ń jẹrà nínú kòtò ẹ̀yìn ilé, ìdí ata la ó dà á sí. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, a kì í dà á nù, èmi ni mo ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ikùn mi sì ti ń fi hàn pé mò ń ran ayé lọ́wọ́.

Ní ti iṣẹ́ mi, áyọ́ọ̀nù eléèédú tí mo fi tọ́ ọ, mo ti gbé e sórí àjà. Alágbàfọ̀ tí kò fináná ni mí báyìí. Bí mo bá ti fọ aṣọ tán, mo ń gbọ̀n ọ́n dáadáa, mo ń nà án tantan lórí okùn kí oòrùn ṣe tiẹ̀, bó bá gbẹ, mo ń ká a sábẹ́ ẹní, èmi àti ìyá rẹ á sì sùn lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń dára. Ṣùgbọ́n a sùn lórí ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé, orúnkún ò jẹ́ kí ìyá rẹ sùn lójú kan, ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò náà ti ní ìlà bíi ti oko iṣu. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá wọ̀ ọ́ lọ bá àwọn òbí ṣèpàdé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi yá, ọmọ mi ló fẹ́ kí ayé tutù. Wọ́n wo ṣòkòtò wọn títí, wọ́n wá ní kí n bá àwọn kí ọ.

O tún ní ká máa pa ohunkóhun tó ń lo iná bí a ò bá lò ó. Mo pa gílóòbù, mo pa rédíò, mo pa fóònù. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo ń tan fóònù láti wò ó bóyá o pè. Nígbà kan tí mo tàn án, mo rí i pé o ti pè láàárín ọ̀sẹ̀, tí o sì tún pè, ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà mo ti jẹ́ kó máa wà ní títàn. Bí èéfín bá ń jáde lára rẹ̀, èmi ò rí i o, mo ti gbé e síwájú ògiri funfun wò.

Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan sọ lórí rédíò pé èéfín ní ìwọ̀n tó kan oníkálukú, pé ẹni tí kò bá lo tirẹ̀ tán, ẹlòmíì lè gbà á lò. Inú mi dùn. Èmi àti ìyá rẹ jókòó, a rò ó wò. A ò wọ bàálù rí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbé aṣọ kiri fún oníbàárà, áyọ́ọ̀nù sì ti wà lórí àjà. Ó hàn pé èéfín wa pọ̀ níbi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Mo ní n ó lọ sí báńkì, kí wọ́n yọ ọ́ fún ọ, kí o lè fi wọ ọkọ̀ wálé.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ, kí n má baà lò lára rẹ̀. Inú báńkì yẹn tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn, mo wá lérò pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú ayé tutù, mo sì kí gbogbo wọn kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó ń gbowó bi mí ohun tí mo bá wá. Mo ní mo fẹ́ fi èéfín ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fún mi lómi, ó ní kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó béèrè ìgbà tí o wálé kẹ́yìn. Mo ní ìgbà yẹn, ìyá rẹ ò tíì máa fi ọ̀pá rìn.

Ó ní bàbá, ohun tí ẹ ń ṣe nílé yẹn dára, ẹ má fi sílẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tọ́jú èéfín pamọ́ fún ọmọ ẹni, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ń bá wí. Ó ní bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ pé o wà nínú rẹ̀ tàbí o ò sí, yóò ṣáà rìn, àga ẹnì kan kò lè dá mú ayé gbóná. Ó ní òun náà ní bàbá tí òun ò tíì lọ wò. Ó wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì dìde kí n má baà dí i lọ́wọ́.

Mò ń ronú bọ̀ lọ́nà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé báńkì ní ọ̀rọ̀ èéfín ti yanjú, pé o lè wá. Mi ò sọ ìyókù. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di àsìkò tí bọ́ọ̀sì ń dé, ìyá rẹ á mú ọ̀pá rẹ̀, á rìn lọ sí oríta, ó ní atẹ́gùn lòun fẹ́ gbà.

Ọmọ mi, mi ò sọ pé o purọ́. Ayé ń gbóná lóòótọ́, omi kànga tí mo fi ń fọṣọ ti lọ sísàlẹ̀, okùn tí mo fi ń fa omi kì í fi bẹ́ẹ̀ tó o mọ́. Owó ọṣẹ náà ti lọ sókè, bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí yóò bá dín owó ọkọ̀ rẹ kù, fi owó ọṣẹ sílẹ̀, n ó ṣì máa fomi lásán ṣan aṣọ oníbàárà ná.

Bí ó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe èéfín nìkan ló dá ọ dúró, bí iṣẹ́ bá ti bọ́, bí ẹnì kan bá ṣe ọ́ ní ohun tí o ò lè fẹnu sọ, bí o bá ti gbé ọmọ dání tí o ò mọ bí o ṣe máa kó ojú wọlé, máa bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń gba aṣọ fọ̀, wọ́n ti gbé oríṣiríṣi àbàwọ́n wá bá mi, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni rí pé níbo ló ti rí i.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Oòrùn ò ní pa ọ́, òjò ò ní ká ọ mọ́ ìta. Ọ̀nà tó mọ bó ṣe gbé ọ lọ kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ bọ̀ wálé.

Èmi ni,
bàbá rẹ.