Ìgbà Tí Wọ́n Kó Hóró Oògùn Lọ́jà Ifangni

Ọjọ́ Ajé, 5 février 1962

Mùsé Cyprien, ọ̀gá wa ní dìspáńsẹ̀, ilé ìtọ́jú aláìsàn, pe èmi àti Thérèse tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sí yàrá rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ tuntun dé láti Àjàṣẹ́: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta oògùn òyìnbó lọ́jà mọ́. Dìspáńsẹ̀ ìjọba nìkan ló kù. Inú Mùsé dùn débi pé ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ láìdúró. Ó ti pẹ́ tó ti ń bínú. Ọ̀fẹ́ ni tiwa, síbẹ̀ àwọn aláìsàn á gba iwájú wa kọjá lọ bá àwọn onígbá oògùn lọ́jà.

Ó ní wọ́n á padà wá báyìí. Thérèse ní, "Mùsé, kí la fẹ́ fún wọn? Pẹpẹ wa ṣófo." Ó ní ìjọba ti di tiwa, wọn ò ní gbàgbé wa.

Mo ní ó dára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 février

Mo wo inú ìgò mi. Ó ti ń lọ sísàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 février

Jẹ́ kí n kọ ọ́ ní kíkún — ìwé yìí nìkan ló máa gbọ́. Wárápá ni. Ilé-ìwé àwọn Sisítà l'Ájàṣẹ́ ló ti kọ́kọ́ gbé mi ṣubú. Ọmọbìnrin tó ń jókòó tì mí gbé àga rẹ̀ kúrò. Ìyá mi wá mú mi lọ sílé, ó sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun ń ṣàìsàn, pé mo wá tọ́jú òun ni. Kò tíì jáwọ́ nínú irọ́ yẹn. Ọlọ́run bù kún un.

Ìyá Hóró ló gbà mí. Ọ̀ṣuntóyè lorúkọ rẹ̀. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ìyá Hóró. Ọjà ló ti ń ta oògùn. Ó mú mi kọjá ẹnubodè lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Nàìjíríà, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Láti ìgbà náà òun ló ń bá mi gbé e wá — hóró funfun kékeré. Mi ò ṣubú mọ́. Mo ríṣẹ́. Ọmọ wíwọ̀n àti ọmọ wíwẹ̀ ni wọ́n fún mi ṣe. Báwọn ìyá ọmọ bá mọ̀, ta ló máa gbọ́mọ lé mi lọ́wọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 février

Bàtà-Dídán dé — ọ̀gá tó wá láti Àjàṣẹ́ ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — òun àtàwọn ọlọ́pàá. Mùsé ní kí n tẹ̀ lé wọn wọ ọjà, nítorí mo mọ orúkọ oògùn kà.

Kí n má parọ́, àṣẹ náà nídìí. Ọkùnrin kan ń ta hóró tí kò ju ẹfun lọ. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó di lẹ́búlẹ́bú. Ọmọ mélòó ló ti gbé e mì? Òmíràn sá ìgò oògùn sóòrùn bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́. Mi ò káàánú wọn.

Ó wá kan Ìyá Hóró. Agolo rẹ̀ mọ́, ó ní ìdérí, abẹ́ ibòji ló wà. Bàtà-Dídán ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ wọnú àpò. Tèmi wà níbẹ̀, mo rí i. Ìyá Hóró wò mí bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá sọ — ẹ bi ọmọ yín yẹn, oníbàárà mi ni. Kò sọ ọ́. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ wé.

Mi ò lè dúpẹ́ níbẹ̀. Mo dúpẹ́ níbí. Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ ṣé.

Ọjọ́ Ajé, 12 février

Lóòótọ́ ni wọ́n padà wá bá wa. Wọ́n tò dé ìdí igi mọ́ńgòrò. Mùsé ń rẹ́rìn-ín títí hóró ibà fi tán, ọ̀sán ò tíì pọ́n. Obìnrin kan láti Banigbé bi í pé, "Mùsé, ẹ ti ọjà, ẹ̀yin náà ò sì ní. Níbo ni ká gbọ́mọ lọ?"

Mo ti ń dá hóró mi sí méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 février

Ó tán.

Ọjọ́rú, 21 février

Àná ni. Ọjọ́ ìwọn ọmọ. Mo rántí abọ́ omi, mi ò rántí nǹkan mìíràn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sọ́mọ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Mùsé jókòó sí, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, orí mi wà lórí itan rẹ̀. Ó ti lé gbogbo ènìyàn síta, ó ní ooru ló mú mi. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo sọ. Ó ní ta ló ń fún mi lóògùn. Mo fẹ́ dìde.

"Philomène, mi ò bi ọ́ kí n lè fa ẹnì kan fún ọlọ́pàá."

Mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń béèrè oògùn yẹn tipẹ́tipẹ́, wọn kì í fi í ránṣẹ́. Obìnrin yẹn gbé e wá. Àwa la wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo rò pé ó máa lé mi. Ó ní kí n lọ sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 février

Mùsé lọ Àjàṣẹ́, ó bọ̀. Ó gbé páálí hóró kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Thérèse ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn tó ń pín oògùn ni Mùsé dúró sí, ó ní òun ò ní kúrò. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ah non, dìde. Iṣẹ́ mi ni."

Ó tún bá Bàtà-Dídán sọ̀rọ̀ lórí àwọn olóògùn ọjà, ó sì gbà. Wọ́n á dán àwọn tó ń tajà wò. Ẹni tó bá yege á gbàwé àṣẹ, ilé oògùn ìjọba ni á ti máa rà, á kọ iye tó ń tà á síta. Ayédèrú kò gbọdọ̀ padà. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí kan tó ti lo oògùn rẹ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, 1 mars

Àgbàlá dìspáńsẹ̀ kún. Bàtà-Dídán mú oògùn méjì jáde, ó bi Ìyá Hóró nípa wọn. Ó dáhùn ọ̀kan. Ó yí èkejì lọ, yí i bọ̀. "Èyí ò yé mi, ọ̀gá. Mi ò ní tà á." Bàtà-Dídán gbójú sókè. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti gbà á gbọ́.

Ó ní ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn oníbàárà kí wọ́n má mú àwọn náà. Mo rí ìyá mi lẹ́yìn, ó ń mi orí sí mi — má ṣe é, má ṣe é.

Mo dìde. Mo ní, "Wárápá ló ń ṣe mí. Oògùn ìyá yìí ló mú kí n lè dúró níwájú yín." 

Ìyá Hóró bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún. Wọ́n fún un níwèé.

Ọjọ́ Àìkú, 4 mars

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Lónìí, níbi tá a ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó ṣàdédé ní, "Ó tiẹ̀ ti rẹ̀ mí láti máa ṣàìsàn." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 mars

Ìyá Hóró ti pàgọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Kùtùkùtù ló ń ṣí. Mùsé náà ti wá ń ṣí ní kùtùkùtù, ó ń kùn. Ó tún ti fi oògùn ibà kún pẹpẹ wa. Kò fẹ́ kí wọ́n gba iwájú òun kọjá mọ́.

Ọjọ́ ìwọn ọmọ. Gbogbo ìyá ọmọ tò sọ́dọ̀ Thérèse. Mo dúró ti òṣùwọ̀n tèmi, mo ń nù ún, mo tún ń nù ún. Mi ò bínú sí wọn. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún Mùsé pé kó fi mí síbòmíràn.

Ni Angèle láti Tchaada bá kúrò lórí ìlà. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣubú, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó bọ́ aṣọ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ rí i dáadáa pé èmi ni?"

Ó ní, "Mo rí ẹ. Ọwọ́ ẹnìkejì rẹ yẹn tutù jù, ọmọ mi máa ń ké."

Ọmọ náà tọ̀ sí mi láyà. Mi ò pààrọ̀ aṣọ títí mo fi délé.