Nípa Mọ́tò Kékeré Tí Wọ́n Yọ Nǹkan Lára Rẹ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ bí ó bá ń san owó oṣù lásìkò. Bí kò bá san án lásìkò, má bá mi kí i. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣàìsàn, iṣẹ́ tó bá yẹ kí o parí láàárọ̀ kò sì ní di ìrọ̀lẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Ara èmi le. Lọ́ńdìrì ń lọ déédéé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ṣì ń wọlé ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo lé ẹnì kan lọ torí pé ó máa ń gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ lórí kí ó tó lọ dáhùn fóònù, mo ti gba ẹlòmíràn tí kò ní fóònù.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ní kíláàsì ìṣòwò tí mo lọ fún oṣù mẹ́fà, èyí tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, olùkọ́ wa máa ń ní kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a fẹ́ kí a tó sọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a ra mọ́tò kékeré yẹn, èyí tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú ìwé iye owó mọ́tò tí o fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n yọ nǹkan lára rẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ kí oṣù yìí tó parí. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

O mọ bí apá ọ̀tún bàbá yín ṣe wà láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá. Káfíńtà tí kò lè di òòlù mú. Obìnrin tó ń bá àwọn aláìsàn na apá àti ẹsẹ̀ ní ọsibítù sọ pé apá náà kò kú, ó kàn gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni, kí bàbá yín máa fi yí nǹkan lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa wá sọ́dọ̀ òun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pé bí apá bá fi jókòó báyìí fún ọdún méjì, òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun mọ́. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́. Bàbá yín fi bọ́ọ̀lù náà há abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn kí atẹ́gùn má baà máa tì í, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ní ti ọsibítù, ẹ̀yìn alùpùpù ni a máa ń gbé wọn lọ, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń di alálùpùpù mú. Wọ́n já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà náà wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi fi ọ̀rọ̀ mọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Kò pẹ́ tí fóònù náà fi máàkì í, ó kọ́kọ́ fún mi ní àmì kan, ó fi èkejì sí i, nígbà tó di ọ̀sán méjèèjì di búlúù. Ní gbogbo oṣù mẹ́fà tí mo fi wà ní kíláàsì, olùkọ́ wa ò fún mi ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà rí. Mo gbà pé o ti ka ọ̀rọ̀ náà, o ti rí i pé ó tọ́, mo sì ti yege. Lọ́jọ́ kejì mo wọ bàbá yín láṣọ, a gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mọ́tò lọ. Ìgbà tí a padà délé ni ọ̀rọ̀ tìrẹ tó wọlé, pé kí n ṣe sùúrù di ọdún tó ń bọ̀, pé èyí tó pé pérépéré ni o máa rà fún wa, pé èyí tí wọ́n yọ nǹkan lára rẹ̀ ń tini lójú. Àkọ́bí, ta ló ń máàkì ìwé tán tó tún ń padà wá pa á rẹ́?

Ní ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin onítáì kan ló gbà wá lálejò. Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ fún mi, wọ́n béèrè àdírẹ́sì ímeèlì níbẹ̀, mo kọ ọ́ pé ẹ̀yìn lọ́ńdìrì, géètì búlúù, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn dáadáa torí ariwo ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ó mú wa lọ sídìí èyí tó wọ́n jù, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Bí bàbá yín ṣe jókòó báyìí, obìnrin kan kí wọn láti inú mọ́tò. Bàbá yín dáhùn, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, kò fèsì, wọ́n tún béèrè, ó ní kí wọ́n de bẹ́líìtì. Ojú bàbá yín kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo bi ọkùnrin onítáì pé èló ni obìnrin náà ń gbà lóṣù, ṣé owó rẹ̀ wà nínú owó mọ́tò ni àbí a ó máa san án lọ́tọ̀. Ó ní inú mọ́tò ló máa ń wà. Mo ní yàrá méjì ni ilé wa, n kò sì gba òṣìṣẹ́ tí n kò rí ojú rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tún wà níwájú, ẹ̀ṣọ́ géètì wọn ni mo rí nínú rẹ̀ tó ń ta eyín, mo béèrè ohun tí ó ṣe tí wọ́n fi gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Àṣé ẹ̀yìn mọ́tò ló dúró sí. Mo yí orí padà, mo rí i níbẹ̀, ó ṣì ń ta eyín. Bí ọrùn mi ṣe ń yí yìí, n kò lè san owó lórí ìyẹn.

Èyí tó rẹlẹ̀ jù wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́bàá ilé ìtọ̀. Kò ní rédíò, ike ni wọ́n fi bo ihò rẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Wọn ò kun báńpà rẹ̀, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà níhòòhò. Mo wo àwọn ohun tí wọ́n yọ, mo wo iye tó fi dín, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi: bí a bá yọ nǹkan, owó á dín. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn yọ ọ́. Mo ní kí ó yọ dígí kékeré tí a fi ń wojú, kí ó yọ ibi tí wọ́n ń gbé ife sí, kí ó yọ ìdajì ìjókòó ẹ̀yìn torí ibẹ̀ ni báàgì aṣọ máa wà, kí ó sì yọ jíà karùn-ún, ọ̀nà ọsibítù kò gba eré. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ní gbà. Mo ní kó pè wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Mo dúró. Nígbà tó rí i pé mo ṣì dúró, ó gbé fóònù wọ inú lọ.

Tíṣà tó fẹ̀yìn tì, aládùúgbò wa, tó tẹ̀lé wa torí kò rí iṣẹ́ ṣe, yí mọ́tò náà po, ó ní bárò onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, kí wọ́n kúkú yọ ẹ́ńjìnì náà kí a máa tì í. Bàbá yín ti jókòó síwájú lápá ọ̀tún, wọ́n ti de bẹ́líìtì, ọwọ́ irin tí a fi ń yí gíláàsì ni wọ́n ń wò, torí bọ́tìnì wà lára ohun tí wọ́n yọ. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí i, bẹ́líìtì ò jẹ́ kó débẹ̀. Wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Ó yí díẹ̀, ó há. O mọ bàbá yín pẹ̀lú ohun tó bá há.

Wọ́n ní, "Ẹni tó fi èyí síbí kò wọ̀n ọ́n."

Wọ́n yí i, ó há, wọ́n dá a padà, wọ́n tún yí i. Gíláàsì lọ sílẹ̀ tán. Wọ́n yí i padà sókè. Tíṣà ti la ẹnu, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni gíláàsì náà lọ tó bọ̀ kí ọkùnrin onítáì tó dé, tó ní ilé iṣẹ́ kọ̀, tó ní kí a má bínú, òun á pe mẹkáníìkì kó wá tún ọwọ́ gíláàsì ṣe. Mo ní kò gbọdọ̀ kàn án. Mo ní èyí gan-an la fẹ́, pẹ̀lú híhá rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní mọ́tò yìí nìkan ló kù tó ní ọwọ́ gíláàsì. Àwọn tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bọ́tìnì ló máa wà lára gbogbo wọn, títí kan èyí tó rẹlẹ̀ jù. Àkọ́bí, ìka kan ti tó fún bọ́tìnì, apá ọ̀tún kò ní rí nǹkan yí. Èyí tó pé pérépéré tí o fẹ́ rà lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tí a nílò ni kò sí lára rẹ̀.

Nítorí náà, fi owó tí o ti ń kó jọ náà ránṣẹ́, ó tó, á sì ṣẹ́ kù. Bá mi fi èyí tó ṣẹ́ kù ra ọṣẹ lọ́ńdìrì páálí méjì. Má fi sí báńkì lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò ní ṣiṣẹ́ títí Ọjọ́ Ajé, n kò sì fẹ́ kí owó mi jókòó lásán. Fi báírò búlúù fa àmì méjì sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí kí o dá a padà, kí n lè mọ̀ pé o kà á.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa ṣiṣẹ́ títí o ó fi darúgbó, àwọn ọmọ rẹ náà á ràn ọ́ lọ́wọ́ láìfi falẹ̀.

Ìlà tí o rí nísàlẹ̀ yìí, bàbá yín ló fà á, ọwọ́ ọ̀tún ni. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn mọ̀ pé ìlà náà kò tọ́, bí mọ́tò bá dé, àwọn á tún un fà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ