Ọmọlangidi Tí Mo Rán Lọ́jọ́ Òjò

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Keje
Òjò láti àárọ̀. Àgbàrá wọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀ méjèèjì, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó wọn di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ń dúró dè mí. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ẹnu mi ló sọ pé kò burú.

Obìnrin ni èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo sọ ọ́ ní Rédíò — kò sí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ìgbín. Wọ́n ń pè mí ní Màmá Ìsàlẹ̀. Oṣù mọ́kànlá rèé tí ọmọdé ti pè mí ní màmá kẹ́yìn nínú ilé yìí.

Bébà tí mo fi ń gé aṣọ oníbàárà la fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Inú abọ́ ìfọṣọ la ti wà wọ́n. Ti Ìgbín rì. Ó ní kò rì, ó ń wẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Òjò. A fi páálí mílíìkì ṣe mọ́tò. Ọmọrí ìgò mẹ́rin ni táyà, igi ìgbálẹ̀ la fi so wọ́n pọ̀. Rédíò ni olówó mọ́tò, Ìgbín ni dẹ́rẹ́bà, kò sì mọ ibi tó ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ara mi ṣàjèjì sí mi.

Ọkùnrin tí a jọ ń gbé wà nílé — kò sí bíríkìlà tó ń mọlé nínú òjò. Ó wo mọ́tò náà títí, ó wọ yàrá lọ. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 9
Oòrùn ràn. Ẹnì kankan ò wá. Mo rán kọ́là ẹ̀wù mẹ́ta, mo tú méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Òjò. Rédíò ní ọmọlangidi lòun fẹ́. Àwọn oníbàárà ti kó àjẹkù aṣọ wọn lọ, àkísà tó mọ́ ò sí nílé. Mo bá fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Aṣọ ọmọ mi. N kò ṣí i rí látọjọ́ tí a ti sin ín.

Aṣọ aláwọ̀ ewé, àpò méjì. Èmi ni mo rán an nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Òun ló wọ̀ lọ́jọ́ tó kú. Mo gé e. Òwú inú ìrọ̀rí la kì sí i, bọ́tìnì la fi ṣe ojú. Ìgbín ní ojú rẹ̀ ti tóbi jù, ó ń wo òun. Rédíò bi mí pé aṣọ ta ni. Mo ní ti ọmọ mi. Ó ní ibo ló wà? Mo ní ó ti kú. Ó ní ṣé a lè fi àpò sí i.

A fi àpò sí i. Ó gbé e lọ sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
N ó kọ ọ́ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí mo ti ṣí àpótí.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọ mi kú ni. Ara ọmọ gbóná, òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da omi. Mo fi ọmọ ti bàbá rẹ̀, mo sáré jáde lọ wá mọ́tò. Mo rí ọ̀kan. Nígbà tí mo dé, bàbá rẹ̀ ní ibà lásán ni, ká jẹ́ kí òjò dá. Mo ní kí mọ́tò máa lọ. Òjò dá nírọ̀lẹ́. Dókítà ní a ti pẹ́ jù.

Látìgbà náà mo ń se oúnjẹ bàbá rẹ̀, mo ń fọ aṣọ rẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13
Òjò, wọn ò wá. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àjà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá ọmọlangidi lẹ́nu ọ̀nà, nínú láílọ́ọ̀nù, wọ́n so ó dáadáa. Ẹ̀rù aṣọ òkú ló ń ba Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi kì í ṣe àrùn. Mo sì ti gé aṣọ náà, kò ṣe é rán padà mọ́. Mo sunkún títí orí fi ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, 15
Òjò. N kò ṣí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 16
Nọ́ọ̀sì wá. Ó kúnlẹ̀, ó kọ̀ kò dìde. Mo ní kó má dààmú, ta ni ẹ̀rù kì í bà. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rù.

Ó ní bàbá ọmọ yín gbé e gòkè wá bá mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ti lọ wá mọ́tò. Aṣọ ọmọlangidi yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀, n kò lè máa wò ó. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni, ó ti rẹ òun. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ló ti wo ọmọ mi. Kò fọwọ́ kàn án. Òun ló ní ibà lásán ni, kí wọ́n jẹ́ kí òjò dá. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kò gbọdọ̀ sọ fún mi láéláé.

Mo ní kó máa lọ. N kò pariwo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Mo jókòó ti bàbá ọmọ lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi í pé kí ló dé tó dá ẹrù yẹn rù. Ó ní ó yẹ kí n rí ẹnì kan bínú sí, òun náà ṣáà ló lọ béèrè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó ní tó bá jẹ́ Nọ́ọ̀sì ni, mi ò ní lè gbé ilé yìí mọ́, ilé yìí sì ni ọmọ ti kọ́ ìrìn.

N kò tíì lè dárí ji Nọ́ọ̀sì. Bóyá yóò ṣeé ṣe, n kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù mọ́kànlá. Ọmọ rẹ̀ kú, ìyàwó rẹ̀ yodì, ó ń jí lọ síbi iṣẹ́. N kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan pé báwo ni ara rẹ̀. Lónìí mo bi í. Ọkọ mi gbórí lé èjìká mi, ó sì sunkún bí ọmọdé.