Jíìpù Tó Mọ̀ Ọ́n Kí Àgbà

Ilé Ojúọlápé,
Arárọ̀mí Ẹ̀yìn-Odò,
Èkìtì.

Olúwafúnkẹ́mi ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Àlàáfíà ni kí lẹ́tà yìí bá ọ nílé rẹ ní Opebi, bí àlàáfíà kò bá sì tíì dé, kí òun náà wọlé tẹ̀lé lẹ́tà. Olúwa kò ní jẹ́ kí o sọnù sínú èrò Ìkẹjà. Ibi tí wọ́n bá ti ń já báàgì gbà, báàgì tìrẹ kò ní sí níbẹ̀. Ilẹ̀ tí o bá ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ náà ti ṣe àmín láti ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń kọ.

Mo délé láyọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ, ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí ìbejì, òrùlé kò sì jò mọ́ àfi tí òjò bá rọ̀. Fóònù tí o rà fún mi ní Computer Village náà délé láyọ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí n sinmi. Lánàá ó ní kí n fi ìka mi hàn òun kí òun lè mọ̀ mí. Mo fi ìka hàn án, ó ní òun kò mọ̀ mí. Mo fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn án, mo sọ orúkọ mi fún un, mo sọ ti bàbá mi, ó ṣì ní òun kò mọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ilé mi ló ń sùn, iná mi ló sì ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò, nítorí ìwé kì í bi ènìyàn pé ta nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ jíìpù ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. O ní kí n gbàdúrà sí i, kí n sì sọ èyí tí ọkàn mi bá mú nínú méjèèjì, dúdú àti funfun, kí o tó kó gbogbo owó tí o ti ń tù jọ láti ọjọ́ yìí wá lọ fún Shuaib tó ń ta mọ́tò ní Agége lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí o kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi pé o fẹ́ máa kó àwọn ará Ìkẹjà lọ síbi tí ọ̀dà ti tán, sórí òkè àti sínú igbó, kí wọ́n máa sùn síbẹ̀ kí wọ́n sì máa sanwó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibi tí ọ̀dà ti tán ni mo ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ rí. Nígbà tí o tún wá ní jíìpù náà yóò máa fa ilé kékeré kan tó ní táyà lẹ́yìn, mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ wa ti rí ọgbọ́n tó ju tàwọn ọmọ onílẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀ pé àwọn fẹ́ gba owó ìpìlẹ̀, ilé ti lọ. Àfi ọmọ onílẹ̀ tó bá lè sáré.

Ọjọ́ tí o mú mi lọ sọ́dọ̀ Shuaib, ìwọ náà rí ohun tí dúdú yẹn ṣe. Mo sì rí i pé dúdú ni o fẹ́, nítorí ojú rẹ kò kúrò lára rẹ̀. Ó ń dán, àga aláwọ inú rẹ̀ rọ̀ ju ibùsùn mi lọ, tòkunbọ̀ ni, àmọ́ ènìyàn á rò pé àná ni wọ́n ṣe é. Shuaib wà á wá síwájú mi, ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó wá rọra rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ débi pé mo wọlé láì gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo béèrè pé kí ló dé, Shuaib ní ó ń kí mi ni, pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní òkè òkun nìyẹn, tó bá ti rí àgbà, á kúnlẹ̀. Fúnkẹ́mi, orí mi wú. Ọmọ ènìyàn mélòó ló ń kúnlẹ̀ ní Ìkẹjà lónìí? Akọ̀wé bánkì kan lójú ọ̀nà yín níbẹ̀, tí mo tó bí bàbá rẹ̀, orí àga ló wà tó fi ní kí n lọ tò. Mo gbé ọwọ́ lé jíìpù náà lórí, mo wúre fún un dáadáa.

Èkejì, èyí funfun, ńkọ́? Ojú rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ara rẹ̀ ti họ, ìjókòó rẹ̀ le bí àga ilé ìwé. Ó dúró gbagidi níwájú mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé mo padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí o lọ síbi iṣẹ́, èmi àti Àlàmú, mọ̀lẹ́bí wa tó ń ta màlúù ní Oko Ọba. Àlàmú ní bí ènìyàn yóò bá ra akọ màlúù, kùtùkùtù ni kí ó lọ wò ó, kí ẹni tó ń tà á tó múra fún un. A bá gbogbo mọ́tò lórí ìdúró, kò sí èyí tó mira. Dúdú nìkan ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, táyà rẹ̀ ti wọnú ara rẹ̀ lọ. Mo sọ fún Àlàmú pé ẹ̀kọ́ ilé rèé, kò tilẹ̀ dúró kí a dé. Àlàmú ní màlúù tó bá jẹun yó ni í tètè dùbúlẹ̀, pé àmì ara líle ni. Mo ní kí jíìpù dìde, pé a ti gba ìkíni rẹ̀. Kò dìde. Ìtẹríba ọ̀hún pọ̀.

Shuaib sáré dé, ó ní kí a má fọwọ́ kàn án, ó tanná sí i. Jíìpù ń kérora lábẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, iwájú rẹ̀ dìde, ẹ̀yìn ọ̀tún dìde, ẹ̀yìn òsì kọ̀. Mo ti gbọ́ pé orúnkún kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kí ọba lókè òkun, inú mi dùn pé mo fojú rí i. Mo ní kí ó fa nǹkan kí n wò ó, Shuaib ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

Ibẹ̀ ni a wà tí wọ́n fi wá pe Àlàmú pé ọkọ̀ tó kó màlúù rẹ̀ bọ̀ láti Òkè Ọya ti rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Shuaib kó sínú funfun, àwa náà kó sí i, wọ́n so okùn irin mọ́ ọn nídìí, ó sì fa ọkọ̀ náà jáde tòun ti màlúù. Kò kérora, kò mí, kò wo ẹnikẹ́ni. Àwọn alápatà ń pàtẹ́wọ́ fún un, kò tilẹ̀ tẹ orí ba láti dúpẹ́. Mo sọ fún Àlàmú pé agbára láìsí ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, pé ọmọ mi kò ní ra irú ẹ̀.

Bí mo ṣe délé ni mo ròyìn fún ìyá rẹ. Mo kúnlẹ̀ láti fi bí dúdú ṣe ṣe hàn án, orúnkún há mi, òun ló fà mí dìde. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, “Bàbá Fúnkẹ́mi, ẹni tó bá kúnlẹ̀ tí kò lè dìde, kì í ṣe pé ó ń kí ni mọ́. Ara rẹ̀ ni kò yá.”

Inú bí mi. Mo ní ó ń jowú mọ́tò. Ìgbà tí mo ń jẹun ló wá rán mi létí Kérésì tó kọjá, nígbà tí mọ́tò kékeré rẹ kò lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà ní òdìkejì odò. A gbọ́ fèrè rẹ, a ò rí ojú rẹ. A ru iyán àti ọbẹ̀ sọdá odò, kí a tó débẹ̀ o ti yí padà nítorí ilẹ̀ tó ń ṣú, iyán tutù mọ́ wa lórí, ìyá rẹ sunkún láti etí odò délé. Èmi náà sunkún, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, kò rí mi. Ó ní bí dúdú bá lọ kúnlẹ̀ kí odò wa tí kò dìde, ta ni yóò fà á? Mo wá ẹni tí yóò fà á títí, funfun nìkan ló wá sí mi lọ́kàn.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi gé ẹ̀ka igi obì tó dí ọ̀nà, kí ilé onítáyà má bàa fi orí gbá a. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ ra oògùn ojú, èmi náà fẹ́ ra bàtà, nítorí n kò ní fi sálúbàtà wọ ọkọ̀ ọmọ mi. Má fi gba inú fóònù o, torí èmi àti òun kò tíì mọ ara wa. Fi rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá.

Olúwa yóò máa lọ níwájú rẹ, yóò máa tì ọ́ lẹ́yìn. Ọ̀nà kò ní nà ọ́, ẹrẹ̀ kò ní gbé ọ mì, òkè tí o bá fẹ́ gùn yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ra funfun aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ọmọ mi, kí o sì wà á wálé bó ṣe rí. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n kí ènìyàn nígbà tí o dé ayé, ẹkún ni o fi kí wa, èmi àti ìyá rẹ la sì kọ́ ọ. Kí ó ṣáà gbé ọ sọdá odò wá. Bó bá ti délé, a ó kọ́ òun náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sànyà Ojúọlápé