Etí Ológbò Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ ṣàdúrà fún ọ, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà ń dúpẹ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, òrùlé sì ti ń jò sórí àga tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí kó tó kú.

Nítorí ọ̀rọ̀ ológbò rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. O rántí pé nígbà tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mú dókítà ẹran wá, tí ẹ ń ṣe àwọn ológbò àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bímọ mọ́, oògùn tí ẹ fi ń mú wọn sùn tán kó tó kan ológbò bàbá rẹ. Ẹ ò jẹ́ kí n wọ yàrá tí ẹ ti ń ṣe é. Ohun tí mo ṣáà rí ni pé gbogbo èyí tó bá jáde, ẹ ti gé ṣóńṣó etí rẹ̀, o sì fẹnu ara rẹ sọ pé ẹni tó bá rí etí gígé, kó mọ̀ pé ìyẹn ò ní bímọ mọ́. O ní kí n ní sùúrù títí ẹ máa fi rówó oògùn dá jọ.

Ṣùgbọ́n télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa, ẹlẹ́nu bí abẹ́rẹ́ yẹn, kò mọ sùúrù. Ó ní bí ológbò kan bá tún bímọ sórí aṣọ oníbàárà òun, májèlé lòun máa fi sílẹ̀. Àyà mi já, torí ológbò yẹn nìkan ló kù tó ń bá mi sùn. Mo wá rò ó pé etí lásán, kí ni mo tún fẹ́ máa da ìwọ ọmọ mi láàmú fún? Mo yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ télọ̀ fúnra rẹ̀, mo gé etí ológbò bàbá rẹ, mo gé ti àwọn tó kù tí oògùn ò kàn. Ó sunkún, èmi náà sunkún, mo fi ìpara pa á létí.

Nígbà tí dókítà tuntun tí ẹ rán wá dé, oògùn ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, ó wo etí wọn, ó ní àwọn wọ̀nyí ti parí, ó kọjá sí àdúgbò kejì. Inú mi dùn pé mo dín ìnáwó yín kù.

Ọmọ mi, ó bímọ. Orí aṣọ ìyàwó tí télọ̀ ń rán lọ́wọ́ ló bí wọn sí. Télọ̀ ò bá mi jà, ó kàn gbé ẹja sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́ àga bàbá rẹ ni mo ti bá ológbò, ara rẹ̀ ti le. Mo sin ín sẹ́yìn ilé. Ilé yìí wá tóbi jù fún mi.

Mo ti rò ó títí. Bóyá etí òsì ló yẹ kí n gé. Bóyá sísọ́ọ̀sì aṣọ ni ò bá a mu. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra wàrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ké nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, kí n sì ra sísọ́ọ̀sì gidi. Tí wọ́n bá lágbára díẹ̀, etí méjèèjì ni n óò gé, kó má baà sí àṣìṣe mọ́.

Ọlọ́run á dá ọ sí, ilé tìrẹ ò ní dahoro. Bá mi kí dókítà, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu wá síbí mọ́, kó máa fi oògùn rẹ̀ ṣe ti àwọn tí kò ní ẹni tó máa bá wọn gé e.

Èmi ni, ìyá rẹ.