Àmì Ìka Àdùnní Lára Ògiri

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Fóònù tí Àṣàbí ọmọ mi fún mi ni mò ń sọ èyí sí. Èmi kò mọ̀wé.

Òjò ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri ilé ìdáná, kò ní pẹ́ wó. Ara rẹ̀ ni àmì ìka Àdùnní, ìyàwó mi tó kú, wà láti ìgbà tó ti fọwọ́ rẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Àṣàbí gbé kámẹ́rà ńlá rẹ̀ wá láti Èrúwà.

Ó ní ojú kámẹ́rà náà ń rí nǹkan kékeré, àmọ́ kò tó fún ìlà ìka. Ó wá ń yí dígí róbótó méjì tó ń mú nǹkan tóbi mọ́ ọn lẹ́nu.

Èmi rí eruku lára àmì náà. Ta ló ń ya fọ́tò láì bọ́jú? Mo rẹ aṣọ sómi, mo fi nu ún, mo sì fi ìka tẹ ibẹ̀ wò bóyá ó ti mọ́.

Nígbà tí mo yọjú wo inú kámẹ́rà, mo rí ìlà wínníwínní, bí ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

"Àdùnní rèé!"

Àṣàbí wo amọ̀ tó wà ní ìka mi. "Bàbá, ẹ ti fi omi nu ti Màámi kúrò. Ìka tiyín lẹ tẹ̀ síbẹ̀."

Amọ̀ ni. Mo ti fi amọ̀ kọ́lé rí, mo mọ ohun tí omi ń ṣe fún un.

Ó bi mí bóyá kí òun ṣì yà á. Mo ní kó yà á. Ibi tí ọwọ́ Àdùnní wà tẹ́lẹ̀ ni.